Àpò Tí Kò Ní Ọnà Lílé

Ìmọ̀ràn kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà ní àwọn ìlú ńlá wa. Wọ́n ń sọ fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, pàápàá èyí tí ó ń kọ̀wé sí òkè òkun, pé iṣẹ́ tí ó mọ́ jù, tí ó dán jù, tí ó sì jọ fọ́tò jù ni kí ó kó sínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní pọtifólíò, kí ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ nílé. Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Ó ń ba ọmọ jẹ́, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì ń mú kí á máa fi ẹnu ara wa pe ohun tí a jogún ní ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá rí lọ́bẹ̀ tí ó fi warú sọ́wọ́. Ìbéèrè náà tọ́. Èmi kò lè ya ewúrẹ́ kí ó má jọ àga. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń lé iṣẹ́ rere kúrò nínú àpò.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa kó iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ó ń kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú ọba, ó sì fẹ́ kí n bá òun yẹ àwọn gbólóhùn tí òun kọ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan wò. Iṣẹ́ 14 ni ó tò sórí tábìlì. Pẹ́ńsùlù ni ó fi ya gbogbo wọn, ojú fóònù ni ó sì ti wò wọ́n yà: agbábọ́ọ̀lù kan, òṣèré sinimá méjì, arúgbó kan tí omijé dúró sí lẹ́rẹ̀kẹ́, kìnnìún kan. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí kìnnìún. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ń kó wọn padà ni mo rí aṣọ kan tí ó ká sí ìsàlẹ̀ àpò.

“Èyí ńkọ́?”

“Ẹ má wo ìyẹn, Bàbá. Olùkọ́ wa ní kí n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.”

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi àti ìyá àgbà mi ni, sà.”

Mo ní kí ó tẹ́ ẹ. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, irú èyí tí à ń pè ní Ìbàdàn dùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ya apá kan, ọmọ ya apá kejì, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò sì rí ibi tí ọwọ́ ti yàtọ̀. Nínú ìpín kan ní apá ti ọmọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta tò sí ẹsẹ̀ àwọn òpó náà. Ó ní ìyá àgbà kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní kò sí Márúwá nínú Ìbàdàn dùn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí òun ṣáà jẹ́ kí táyà àwọn kẹ̀kẹ́ náà bá àwọn òbìrìkìtì tí ó wà nínú ìpín tí ó tẹ̀ lé e mu. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán 14 tí ó wà lórí tábìlì, n kò rí ìpinnu kan ṣoṣo tí ó tó èyí.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà wò, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ́. “Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.” Yorùbá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èrò inú wọn kì í ṣe ti Yorùbá. Òyìnbó ni ó ya ohun tí a ń wò lára ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń lò nínú ilé, tí ó sì fi ọ̀kan ṣe ọ̀gá èkejì. Ní tiwa, ọnà kì í ṣe irú ohun kan pàtó. Ohun tí a ń ṣe sí nǹkan lára ni. Igbá wà, igbá fínfín sì wà. Ilẹ̀kùn wà, ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ọnà sí lára sì wà. Ọwọ́ náà ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò tí ọnà wà láàrin wa kí ó wo àwọn ìdílé tí wọ́n fi í bẹ̀rẹ̀ orúkọ, bí Ọnàbánjọ àti Ọnàfowókàn. Bí a bá wá gba èrò ẹlòmíràn, kí á sọ pé a gbà á, kí á má fi aṣọ Yorùbá bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ máa rò pé àwọn baba wọn ni wọ́n sọ ọ́.

Èyí tí ó dùn mí jù kò tilẹ̀ ju pé èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi yan iṣẹ́ sínú àpò, ọ̀rọ̀ tí ó péye, tí kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Ní 1947 ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Fadá Kevin Carroll wà níbẹ̀, tí Bándélé ọmọ Àrẹògún ń gbẹ́ igi níbẹ̀, tí Lámídì Fákẹ́yẹ sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Carroll kọ àwọn orúkọ tí àwọn agbẹ́gilére ń pe ìpele iṣẹ́ wọn sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967. Mẹ́rin ni wọ́n. Ìpele kìíní ni ọnà lílé: àáké ni a fi ń lé igi, tí a fi ń pinnu ibi tí orí yóò wà, ibi tí ara yóò tẹ̀ sí, ìwọ̀n tí èyí yóò fi ju ìyẹn lọ. Àlétúnlé ni ó tẹ̀ lé e, níbi tí ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń yọ jáde láti ara ìtì ńlá. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ọ̀bẹ mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ni ó gbẹ̀yìn: irun orí, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Ẹni tí ó ti jókòó ti agbẹ́gilére rí yóò mọ ibi tí ogun wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ọmọ-iṣẹ́ lè bá ọ̀gá dán ère. Ó lè bá a fín in pẹ̀lú. Ọ̀gá ni ó máa ń lé e. Bí lílé bá wọ́, kò sí fínfín tí ó lè tún un ṣe.

Ẹ wá fi èyí wo àwòrán agbábọ́ọ̀lù tí ó wà lórí tábìlì mi. Ta ni ó lé e? Ẹni tí ó ya fọ́tò ni. Òun ni ó pinnu pé ẹ̀gbẹ́ ni kí ojú kọ sí, pé òsì ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, pé àyà ni kí àwòrán ti gé. Ọmọ tí ó fi rúlà la ilà òró àti ilà ìbú sórí fọ́tò náà, tí ó sì ń kó o sórí ìwé ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ń dán iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Ó ń fín iṣẹ́ tí a ti bá a lé. Ó lè lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀, kí ògóóró ìka máa dùn ún, kí gbogbo ènìyàn tí ó bá rí i máa pariwo pé ẹ wo ihò ara, ẹ wo irun ìpéǹpéjú! Mo bọ̀wọ̀ fún sùúrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń yan ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò wá sùúrù nìkan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lè lé igi. Iṣẹ́ bíi 10 sí 20 ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun máa ń béèrè, kì í sì í ṣe nítorí kí ọmọ lè ṣe ohun kan náà ní ìgbà 14. Púpọ̀ nínú wọn ló tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn fẹ́ rí ìwé tí ọmọ fi ń dánra wò, àwọn fẹ́ rí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ wò yà, àwọn fẹ́ rí bí èrò ṣe ń yí padà láti orí ewé kan dé orí èkejì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọnà lílé àti àlétúnlé, àwa sì ń fi dídán àti fínfín ránṣẹ́ sí wọn.

Aṣọ tí wọ́n ní kí ó yọ kúrò ńkọ́? Ẹni tí ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun kò ní ohun tí yóò fi pa á rẹ́. Kò sí pẹ́ńsùlù tí a fi kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ bí ìpín yìí yóò ṣe bá ìkejì ṣe kí ó tó ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa ronú ní òdìkejì, nítorí pé ibi tí ó ya ni aró kò ní mu, ibi tí ó fi sílẹ̀ ni yóò di dúdú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń ya omijé ni kò lè ronú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n yóò ní Àìná Ọnàbólú ni baba àwọn, pé òun ni ó kọ́ wa pé kí àwòrán jọ ohun tí a yà. Òótọ́ ni. Ní ayé amúnisìn, àwọn òyìnbó kan gbà pé ènìyàn dúdú kò ní làákàyè tí a fi ń ya ojú ènìyàn bí ó ti rí. Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, já wọn ní irọ́. Kò tí ì dé ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan nígbà tí ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ó di 1920 kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà ní London. Jíjọ tí àwòrán rẹ̀ jọ ènìyàn jẹ́ ẹjọ́ tí ó ń rò fún gbogbo ìran wa. Ó rò ó, ó sì jàre. Ọmọ tí ó wo òṣèré sinimá yà láti ojú fóònù kò rò ẹjọ́ kankan, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tún ń jiyàn náà. Ìdá tí baba fi ja ogun kò di ìdá tí ọmọ yóò máa fi bẹ́ iṣu.

Kí ó má baà di pé ẹnìkan rò pé mo fẹ́ kí á máa fi ère àti egúngún kún àpò, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé àrùn kejì nìyẹn, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ọnàbólú fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n rọ ìjọba títí wọ́n fi gba Kenneth Murray ní 1927 láti wá kọ́ni ní ọnà. Murray fẹ́ràn iṣẹ́ ìbílẹ̀ wa tọkàntọkàn, ó kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣe àfihàn ní London ní 1937, Ben Enwonwu sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rù nínú: ó ń bẹ̀rù pé bí ọmọ Áfíríkà bá kọ́ ọ̀nà Yúróòpù, yóò sọ tirẹ̀ nù. Enwonwu kò fi ìyẹn pè. Ó lọ sí Slade ní London, ó kọ́ ohun tí wọ́n ní, ó sì gbẹ́ igi bí baba rẹ̀ ti gbẹ́ ẹ. Ìbẹ̀rù Murray wà láàyè síbẹ̀. Òun ni ó ń mú kí ọmọ tí a bí ní Súrùlérè, tí kò dúró ti egúngún rí, máa ya egúngún nítorí pé wọ́n ní àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀dà orí Ifẹ̀, ẹ̀dà ìbòjú Ìdíà tí wọ́n fi ṣe àmì FESTAC ní 1977, àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ní ojú obìnrin nínú: ẹlòmíràn ni ó ti lé gbogbo ìwọ̀nyí pẹ̀lú. Wọ́n kò sàn ju agbábọ́ọ̀lù lọ.

Láàrin àwọn ayàwòrán fúnra wọn, ìjà yìí ti parí tipẹ́. Ní Zaria, láàrin 1958 àti 1961, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti pinnu pé àwọn yóò mú èyí tí ó wúlò nínú ti ilé àti ti òkèèrè. Ní Ifẹ̀ ní 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ọnà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ilé lẹ́sìnnì ni ìròyìn náà kò tí ì dé.

Ọ̀rọ̀ jíjọ yìí kò tilẹ̀ ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960 tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú pé kí ni ó mú kí ère kan dára ju èkejì lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá a lóhùn ni jíjọra. Ó ṣàlàyé nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1973 pé jíjọra tí wọ́n ń wí wà ní ìwọ̀n: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ẹnìkan pàtó jù. Wọ́n fẹ́ kí ó hàn gbangba, kí ó dán, kí ó gún, kí ó ṣe ọ̀dọ́. Jíjọra wà lára wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ọba.

Ẹ fojú inú wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ kí ó kó iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú irú olùkọ́ yìí. Ó gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkéré wá. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó tí ó wá kí ọba wà nínú ìrọ̀gbọ̀kú tí àwọn aláàárù gbé rù. Olùkọ́ ní, “Bàbá, ọrùn yìí ti gùn jù. Ẹsẹ̀ kéré sí ara. Kí ló dé tí òyìnbó fi há bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí ó wà? Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, ẹ gbé e sẹ́yìn.” Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ ẹ débi pé wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò fi í fún wọn lówó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn ni ó gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Òmíràn a máa wá sí ọkàn mi pé ọba ni ó pàdánù nínú pàṣípààrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Ìlé tí Ọlọ́wẹ̀ lé igi yẹn, tí àwọn ènìyàn fi yọ jáde lára pátákó bí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, òun ni ó mú un la òkun.

Kí ni kí ọmọ kó, nígbà náà? Mo sọ èrò mi fún ọmọbìnrin náà, n óò sì sọ ọ́ níhìn-ín. Kí ó fi àwòrán pẹ́ńsùlù méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, àwọn tí ó fi ojú ara rẹ̀ wò yà: ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣa ẹ̀wà, bàtà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọjà tí ó lọ jókòó sí fún ọ̀sán kan. Kí ó má kó kìnnìún. Kí ó ya ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún láti inú ìwé ìdánrawò rẹ̀, pẹ̀lú ilà tí ó pa rẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ó má ṣe tún wọn kọ kí wọ́n lè mọ́. Kí ó fi àṣìṣe kan síbẹ̀ tí a lè rí ibi tí ó ti yí i padà. Ní ti aṣọ, kí ó nà án sí òjìji, kí oòrùn má fọ́ ojú rẹ̀, kí ó ya fọ́tò odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ya ìpín Márúwá náà sọ́tọ̀, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ni àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò yóò ti rí i, wọn kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Ó bi mí bóyá kì í ṣe ẹ̀tàn láti fi iṣẹ́ tí òun àti ìyá àgbà jọ ṣe sínú àpò ti òun nìkan. Ìbéèrè rere ni, inú mi sì dùn pé òun ni ó bi í, kì í ṣe èmi. Ẹ̀tàn ni bí ó bá dákẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí pé ohun tí ó ti kọ sí abẹ́ aṣọ náà kí wọ́n tó ní kí ó yọ ọ́ ni “aṣọ ìbílẹ̀ Áfíríkà”. A jọ pa á rẹ́. A kọ ọ́ pé: Ìbàdàn dùn, adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìẹ yà, aró èlú, lórí aṣọ funfun. A fi ìwọ̀n tẹ́ẹ̀pù wọn òró àti ìbú rẹ̀, a kọ ọ́ sí i. A kọ ọ́ pé apá ọ̀tún ni òun yà, pé òun ni ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kún un, pé ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ya apá òsì tí ó sì rẹ gbogbo rẹ̀ ní aró. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó kọ orúkọ ìyá àgbà ní kíkún. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé nìkan ni òun mọ̀, kí òun fi fóònù béèrè. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì wọlé wá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí àmì ohùn yóò wà.